Ta Ló Ń Sanwó Iná? Ìtàn Iná Kérésì Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1912, wọ́n tan iná sí igi kan láàárín ọgbà Madison Square ní ìlú New York. Igi náà ga tó nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà. Láti òkè Adirondack, lápá àríwá ìpínlẹ̀ náà, ni wọ́n ti gé e wá, ilé iṣẹ́ mànàmáná Edison ló sì pèsè iná. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Emilie Herreshoff ló dá àbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè wọlé wá wò ó: kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń bèèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n tan irú rẹ̀ ní ọgbà Boston Common ní ìlú Boston. Mo gbà pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn iná Kérésì inú ọgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi oníná ti wà ní 30 ọdún ṣáájú.

Ilé aládàáni ni igi oníná àkọ́kọ́ wà. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1882, Edward Johnson, ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́ Thomas Edison, so gúlóòbù 80 mọ́ igi kan nínú ilé rẹ̀ ní Manhattan, àwọn kan pupa, àwọn kan funfun, àwọn kan búlúù. Igi náà tún ń fi iná yí bírípó. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Edison ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibùdó mànàmáná rẹ̀ ní òpópónà Pearl, wọ́n sì ń wá oníbàárà lójú méjèèjì. Johnson pe akọ̀ròyìn kan wá wò ó, ìròyìn igi náà sì dé Detroit. Ọjà ló ń polówó, ó sì mọ̀ ọ́n polówó.

Ṣùgbọ́n ta ló lè rà á? Títí di ìgbà náà, àbẹ́là ni àwọn ènìyàn ń tàn sórí igi Kérésì, àṣà tí àwọn ará Jámánì gbé wá, wọn a sì gbé garawa omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ilé má baà jóná. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, okùn gúlóòbù kan tó nǹkan bí dọ́là 12, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọ̀sẹ̀ kan fún òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì ní mànàmáná rárá. Ìdí nìyí tí igi Madison Square fi jọ mí lójú. Àwọn tó ń gbé inú yàrá híhá ní New York, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ni wọ́n gbé e síta fún. Òpó kan tí ìràwọ̀ wà lórí rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà náà títí dòní láti fi ṣèrántí rẹ̀.

Ìjọba náà kò fà sẹ́yìn. Ní 1923, Ààrẹ Calvin Coolidge tan igi Kérésì àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní pápá Ellipse, nítòsí White House. Vermont, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí Coolidge, ni igi náà ti wá. Ó ga ní 48 ẹsẹ̀ bàtà, gúlóòbù 2,500 ló sì wà lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ ará ìlú nìkan ló wà ńbẹ̀ o: àwọn tó ń ta mànàmáná wà nídìí ètò náà, wọ́n fẹ́ kí aráyé máa lo iná sí i.

Láti ọjọ́ náà ni igi yẹn ti ń sọ bí ìlú ṣe rí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọn kò tan iná rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1973, nígbà tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n, Ààrẹ Nixon ní kí wọ́n dín iná rẹ̀ kù gan-an. Ní 1979, ìràwọ̀ orí igi nìkan ni Ààrẹ Carter jẹ́ kí wọ́n tàn, nítorí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní Iran. Àjọ̀dún dé, igi ṣókùnkùn, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹni tó bá ti bá iná Kérésì àtijọ́ fa wàhálà yóò mọ ìdí tí kò fi yá kó tó kún inú ọgbà. Gúlóòbù mẹ́jọ ló sábà máa ń wà lórí okùn kan ní Amẹ́ríkà, wọn á pín fóltì 120 láàárín ara wọn, 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná ní láti gba inú èkíní kọjá kó tó dé èkejì. Bí ẹyọ kan bá jó, gbogbo okùn á kú, àfi kéèyàn máa tú wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òtútù. Nígbà tí wọ́n wá so wáyà lọ́nà tí gúlóòbù kọ̀ọ̀kan fi ń gba iná tirẹ̀, iṣẹ́ náà rọrùn.

Bí a bá fẹ́ rí bí iná inú ọgbà ṣe wá gbòòrò, ìlú Wheeling ní West Virginia ni ká wò. Oko Earl Oglebay, ọlọ́rọ̀ tó rówó nídìí òwò irin, ló di ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Oglebay Park. Ó kú ní 1926, ó sì fi oko náà sílẹ̀ fún ará ìlú. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ irin ti ń kú lọ lágbègbè náà, àlejò kì í sì í pọ̀ nígbà òtútù. Ní 1985 ni ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún iná. Lónìí, ó ju eékà 300 lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì tó máìlì mẹ́fà. Irin ni wọ́n tẹ̀ ní àwòrán, tí wọ́n wá to gúlóòbù mọ́. Lójú ọ̀sán, kò sí ohun tí èèyàn ń rí ju irin lásán lọ. Inú ọkọ̀ ni àlejò ń jókòó sí láti wò ó. Iye ọkọ̀ ni wọ́n sì ń kà láti gba owó, wọn kì í ka orí, nítorí náà ìdílé tó bá fún ara wọn mọ́nú ọkọ̀ kan ló jèrè jù. Èrò tèmi ni pé ohun kan sọnù níbẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbé igi síta ní 1912, ní láti wá ẹni tí yóò gbé e.

Gúlóòbù LED, tí kì í jẹ iná púpọ̀, ló wá sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ìlú kékeré pàápàá lè dán wò. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí LED aláwọ̀ búlúù, òun náà ló sì la ọ̀nà fún LED funfun. Nígbà tí wọ́n gbé gúlóòbù LED 30,000 sórí igi Kérésì Rockefeller Center ní New York ní 2007, iná tó ń jẹ lójúmọ́ já wálẹ̀ láti kílówáàtì-wákàtí 3,510 sí 1,297.

Ní Èkó ní tiwọn, báńkì ló ń sanwó iná Kérésì. Lọ́dọọdún, Zenith Bank máa ń fi iná ṣe òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island lọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Títì ni, kì í ṣe ọgbà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ọgbà: wọn á múra, wọn á kó ọmọ lẹ́yìn, wọn á wá ya fọ́tò. Kò sí owó géètì. Ohun tí àlejò yóò ná ni owó ọkọ̀, owó gúgúrú ọmọ, àti iye wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.