Ìpíndọ́gba àti Ìfọ́nká nínú Ìṣirò

Ìpíndọ́gba ni iye tí a ń rí bí a bá ro gbogbo iye inú ẹgbẹ́ kan pọ̀, tí a sì fi iye ohun tí a kà pín àròpọ̀ náà. Ìfọ́nká ni bí àwọn iye wọ̀nyí ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ kan wé òmíràn nílò méjèèjì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá gba máàkì 48, 50 àti 52, tí mẹ́ta mìíràn gba 20, 50 àti 80, 50 ni ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjèèjì. Síbẹ̀, ìka ò dọ́gba: nínú ẹgbẹ́ kejì, ọmọ kan nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá, òmíràn sì ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìpíndọ́gba nìkan kò fi èyí hàn.

Bí a ṣe ń wọn ìfọ́nká

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a yọ iye tó kéré jù kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù. Ó jẹ́ 4 fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, 60 fún èkejì. Ṣùgbọ́n iye kan ṣoṣo tó ṣàjèjì lè da èyí rú. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò jù ni èyí tí Karl Pearson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní standard deviation. Òṣùwọ̀n yìí máa ń ka bí gbogbo iye ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó mọ́ ọn. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó jẹ́ nǹkan bí 1.6 àti 24.5.

Àpẹẹrẹ òdòdó iris

Ní 1936, Ronald Fisher tẹ ìwọ̀n òdòdó iris 150 jáde, 50 láti inú ẹ̀yà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Edgar Anderson ló kó wọn jọ. Ìpíndọ́gba gígùn pẹ́tálì setosa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.46, ti versicolor 4.26, ti virginica 5.55. Pẹ́tálì setosa tó gùn jù kò ju 1.9 lọ, ti versicolor tó kúrú jù sì jẹ́ 3.0, nítorí náà ẹ̀yà méjèèjì kò pàdé rárá. Ṣùgbọ́n versicolor kan dé 5.1, nígbà tí virginica kan kò ju 4.5 lọ. Bí wọ́n bá mú òdòdó tí pẹ́tálì rẹ̀ jẹ́ 4.8 wá, gígùn yìí nìkan kò lè sọ ẹ̀yà tó jẹ́.

Iye ohun tí a kà

Bí ohun tí a kà bá kéré, ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba méjì lè jẹ́ èèṣì lásán. Ní 1908, William Gosset, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin, fi orúkọ Student tẹ iṣẹ́ kan jáde tó di ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí a ń gbà yẹ èyí wò.

Bí a bá wá gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ju òmíràn lọ, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́ta: báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó, báwo ni iye inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́n ká tó, mélòó ni wọ́n kà? Ká má sì ṣe fi ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.