TA NI Ó NI OMI ÌWẸ̀? ÌTÀN ADÁGÚN ÌWẸ̀ GBOGBOGBÒÒ LÁTI ONÍKÀN DÉ ṢÁṢÁ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ omi tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ gbá ni: adágún tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe sínú ọgbà ìgbafẹ́ láàárín ìlú, tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún ọmọ ọdún márùn-ún lọ, tí ìyá sì lè jókòó sí ẹ̀bá rẹ̀ kí ó máa wo ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní òkè òkun, irú adágún bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tí ó ni ín. Ní Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìbéèrè náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Èrò mi ni pé ìtàn ẹni tí a gbà láyè láti wẹ̀ ní Èkó jẹ́ ìtàn ẹni tí a kà sí ọmọ ìlú. Mo sì fẹ́ fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà títí ó fi di pé omi tí kò léwu ni a ń tà, tí omi ọ̀fẹ́ sì di èyí tí ó ń pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Yorùbá ní odò, ìṣàn, ọ̀sà, òkun, kànga àti adágún. A ní orúkọ fún ẹni tí ó mọ omi í wẹ̀: òmùwẹ̀ ni à ń pè é. Òwe wa kò sì tan òmùwẹ̀ jẹ, ó ní òun gan-an ni í bá omi lọ. Ṣùgbọ́n a kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún omi tí a dìídì kọ́ sílẹ̀ kí ọmọdé lè ṣeré nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe àléébù èdè. Odò tí ó wà lẹ́yìn abúlé ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti lójú àwọn obìnrin tí ń fọ aṣọ. Kí a má ṣe tan ara wa, odò náà ní òfin tirẹ̀: ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń wẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin, òkè ibi tí a ti ń wẹ̀ ni a ti ń pọn omi mímu, ibú mìíràn sì wà tí ó jẹ́ ti òrìṣà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ara kàn. Síbẹ̀, nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó ní kí ọmọdé san owó kí ó tó bọ́ sínú omi.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwọn ará Alímọ̀ṣọ́, nítorí pé ilẹ̀ Àwórì ni wọ́n wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògúnfúnminíre, tí a ń pè ní Ọlọ́fin, tẹ̀lé àwo kan tí ó ń léfòó lórí omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí, àti pé láti inú gbólóhùn náà, àwo ti rì, ni a ti rí orúkọ Àwórì. Bí a bá gba ìtàn náà bí ó ti wà, tàbí a kà á sí ọgbọ́n àwọn àgbà láti fi ṣàlàyé orúkọ, ohun tí ó sọ kò yí padà: omi ni ó yan ibùdó fún wọn.

Ní Èkó ayé òyìnbó, omi ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ dá ìjà ńlá sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fa omi láti Ìjù wá sí Erékùṣù Èkó, tí ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa san owó lé e, ìlú kọ̀ ní 1908. Àwíjàre wọn kò ṣòroó lóye: àwa ní kànga, àwa ní omi òjò, àwọn òyìnbó ni ó nílò omi yìí jù, kí ni ó dé tí àwa yóò fi sanwó rẹ̀? Ní ọdún náà ni àwọn dókítà méjì, John Randle àti Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjù ní 1910. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ gba owó náà ní 1916, ìlú tún dìde. Ṣùgbọ́n àwọn olórí People's Union ti rọ̀ nígbà náà, wọ́n ti gbà pé kí a san án, èrò sì ti kẹ̀yìn sí wọn. Herbert Macaulay ni ìlú gbà ní tirẹ̀. Nígbà tí ìdìbò dé ní 1923, ẹgbẹ́ NNDP tí ó dá sílẹ̀ ni ó kó gbogbo ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó.

Randle tí ìlú kọ̀ nítorí owó omi yìí kan náà ni ó wá fún ìlú ní omi ìwẹ̀. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin náà. Sàró ni, ní Sierra Leone ni a ti bí i ní 1855. Ó gboyè ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1888, ó sì wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó. Kò pẹ́ tí òun àti ìjọba fi kọlu ara wọn, nítorí pé owó tí à ń san fún dókítà aláwọ̀ dúdú kò tó ti òyìnbó tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ dá dúró. Ìyàwó rẹ̀, Victoria Davies, jẹ́ ọmọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ ilẹ̀ wa tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe ọmọ aládùúró rẹ̀. Ní kúkúrú, Randle kì í ṣe mẹ̀kúnnù. Ó lè jókòó sí ìdí ọrọ̀ rẹ̀ kí ó má bìkítà bóyá ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ omi í wẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n Èkó jẹ́ erékùṣù. Ọ̀sà yí i ká, òkun sì wà ní ìta. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ yóò bá omi pàdé, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kọ́ ibi tí àwọn ọmọ ará ìlú yóò ti máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Owó ara rẹ̀ ni Randle fi kọ́ adágún ìwẹ̀ kan sí Oníkàn ní 1928, ọdún tí òun náà kú. Ẹ wo ibi tí ó wà: Oníkàn ni ẹnubodè láàárín Èkó àwọn ará ìlú àti Ìkòyí tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó, níbi tí ìjọba ti fi ilẹ̀ gbalasa sáàárín nítorí ìbẹ̀rù àrùn. Lẹ́bàá ààlà yìí gan-an ni dókítà aláwọ̀ dúdú ti kọ́ omi fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó fẹ́ràn eré orí ìtàgé lè pe èyí ní ètùtù fún ọ̀rọ̀ 1916. Èmi kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Mo kà á sí iṣẹ́ oníṣègùn: ẹni tí ó ti ń rí òkú ọmọ tí omi gbé wálé mọ̀ pé kò sí oògùn tí a lè fún un mọ́, àfi kí a ti kọ́ ọ ṣáájú.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò gba ìtàn gígùn. Òmìnira dé, Ìkòyí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá tiwa, odi náà kò sì wó. Owó ni ó gba ipò àwọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè sí Sùúrùlérè ní 1972 fún Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973, adágún ńlá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn eléré ìdárayá ni, ó sì bàjẹ́ nígbà tí ó yá. Adágún Randle náà wà ní ahoro fún ọdún pípẹ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó tún gbogbo àyíká náà kọ́ di ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ń jẹ́ orúkọ John Randle, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní 2023. A tún adágún náà ṣe mọ́ ilé náà. Inú mi dùn sí i, ilé náà sì lẹ́wà. Ohun tí mo ń wò ni ojú ọ̀nà láti Ṣáṣá dé ibẹ̀, tí ó ju 20 kìlómítà lọ, àti owó ọkọ̀ ìyá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ní àlọ àti àbọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Èkó nìkan ni omi ìwẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìpínyà. Ní ìlú Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, adágún ìwẹ̀ márùn-ún ni ó wà lábẹ́ ìṣàkóso ìlú. Mẹ́rin jẹ́ ti àwọn funfun, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn dúdú. Nígbà tí ilé ẹjọ́ sọ pé irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, ìlú náà ṣí ọgbà ìgbafẹ́ fún tẹrú-tọmọ, ṣùgbọ́n ní 1963 ó pa àwọn adágún rẹ̀ tì, ó sì jọ̀wọ́ èyí tí ó yá lò. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ọmọ ẹnikẹ́ni má wẹ̀ jù kí gbogbo ọmọ jọ wẹ̀. Ní 1971, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà dá ẹjọ́ ọ̀hún, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé ìlú kò rú òfin, níwọ̀n ìgbà tí ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ dúdú àti funfun bákan náà. Mo ka ìdájọ́ yìí pẹ̀lú ìyanu, nítorí pé ó fi hàn pé a lè ṣe déédéé nínú ìfidunni.

Tiwa kì í ṣe ìlẹ̀kùn títì. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ owó wà níbẹ̀. Ẹ wo Ọgbà Àgodi ní Ìbàdàn. Ní 1967 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Ìkún omi Ògùnpa ti 1980 wọ inú rẹ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹranko lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní 2012, a sì ṣí i padà ní 2014 pẹ̀lú adágún ìwẹ̀ àti ibi tí àwọn ọmọdé ti lè ṣeré nínú omi. Èyí ni ó súnmọ́ ohun tí mo ń wí jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ wa: omi ọmọdé nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n a ń san owó ẹnu ọ̀nà, a sì ń san owó omi lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé omi mímọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ń pèsè rẹ̀. Síbẹ̀, owó tí bàbá ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò fi rẹ́rìn-ín ni owó tí yóò mú kí aláàárù Bódìjà yí ọmọ rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí Ṣáṣá fúnra rẹ̀. Nígbà tí Randle ń kọ́ adágún rẹ̀, oko àti abúlé ni agbègbè yìí. Bí Èkó ṣe ń gbòòrò ni àwọn ẹbí ń ta ilẹ̀ ní pọ́lọ́ọ̀tì pọ́lọ́ọ̀tì, tí ilé ń fara kan ilé láti Akówonjọ títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Nínú irú títà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń ya pọ́lọ́ọ̀tì kan sọ́tọ̀ fún eré ọmọdé. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, 1,277,714 ènìyàn ni a kà ní Alímọ̀ṣọ́, tí kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí a ka iye tí ó tó bẹ́ẹ̀ fún. Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé Ìjù, tí omi ìjà 1908 ti wá, kò jìnnà sí wọn. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù ni a kọ́ láti pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 45 lójúmọ́, Àdìyàn tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, tí a ṣí ní 1991, sì jẹ́ ti mílíọ̀nù 70. Síbẹ̀ kànga dẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ojúlé ní Ṣáṣá ń mu. Láti ìgbà Egerton ni omi ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá lọ sí Erékùṣù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ adágún ní Ṣáṣá lónìí, ilé ìtura ni yóò mú un lọ, yóò sì sanwó. Tàbí kí ó rí owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó ní adágún san. Àwọn ọmọ yòókù kò ṣe aláìrí omi. Òjò ń rọ̀, gọ́tà ń kún, ihò tí àwọn agbẹ́yanrìn fi sílẹ̀ ń di adágún, ọ̀sà wà, òkun wà. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ọ̀fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ káàkiri ayé ní 2021, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin wọn tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó márùn-ún kò lọ sí òkun fúnra rẹ̀. Omi tí ó wà nítòsí ilé ni ó ń mú un.

Àwọn kan yóò sọ pé níbi tí omi mímu kò tíì tó, ìgbádùn ni ọ̀rọ̀ omi eré. N kò fojú kékeré wo àríwísí yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ti 1908 ni ó jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń béèrè. Adágún tí kò jìn ju orúnkún lọ kì í gba omi púpọ̀. Kànga dẹ̀rọ kan lè kún un. Oògùn apakòkòrò inú omi wà lọ́jà. Ohun tí ó wọ́n nínú rẹ̀ ni ènìyàn tí yóò máa ṣọ́ ọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí a ó sì máa san owó oṣù fún.

Iṣẹ́ ta ni? Òfin ti dá a lóhùn. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ka kíkọ́ àti ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbalasa mọ́ ọn, pẹ̀lú títì àti gọ́tà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tí ó ń rí sí ọgbà ìgbafẹ́, èyí tí òfin 2011 dá sílẹ̀. Àwọn ará Ṣáṣá ti mọ bí a ti ń kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa títì àti gọ́tà. Lábẹ́ ìlà òfin kan náà ni wọ́n lè kọ ti ọgbà àti omi ọmọdé. Ibi tí a ó gbé e sí ni yóò fa àríyànjiyàn, nítorí pé ilẹ̀ ti tán. Ilẹ̀ gbogbogbòò tí ó ṣẹ́kù ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, tí à ń ti géètì wọn pa ní ọjọ́ Sátidé àti ní gbogbo àkókò ìsinmi, ìgbà tí àwọn ọmọ wà nílé.