Alùpùpù Bàbá Àgbà

Nínú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ ilé mọ̀ kí wọ́n tó mọ A, B, D. Ìtàn náà ni pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bàbá bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, fi owó oṣù rẹ̀ ra alùpùpù BSA tuntun. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gùn ún wálé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń gùn ún padà. Bàbá mi a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni ń ki oríkì. Alùpùpù náà fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù, tí àwọn adìẹ ń yé ẹyin sórí àga rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń ra àjákù irin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ìgbà kẹta tí wọ́n wá ni bàbá mi bínú. Ó ní kàkà kí wọ́n yọ́ ìtàn bàbá òun fi rọ ìkòkò, òun yóò tún un ṣe. A gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó di Ọ̀yọ́, nítorí pé mẹkáníìkì àgbà kan wà ní Òwòdé tó kọ́ṣẹ́ lórí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Àsìkò ìsinmi ni, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n máa ràn án lọ́wọ́.

Fífọ ni iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Èmi rò pé omi àti ọṣẹ ni. Bàbá mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó gbé ike kẹrosíìnì kalẹ̀, ó ní kí n da gbogbo ohun tí òun bá tú sínú rẹ̀, kó sùn síbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú bẹntiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì tó ń mú kí písítìnì máa yọ̀ mọ́. Bí bẹntiróòlù bá ti ń jó ni ọ́ìlì náà ń jó, tí yóò sì máa di èédú dúdú tó le sí orí písítìnì àti sí ẹnu ihò tí èéfín ń gbà jáde. Bí èédú yìí bá pọ̀, ihò á dí, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè mí mọ́. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ní irú alùpùpù yìí ní láti máa tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà kó lè fá èédú rẹ̀.

Kò jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ fá a. Irin fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìdáná ni písítìnì, ọ̀bẹ yóò há a lára. Ọparun gbígbẹ tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ ni mo lò. Kábúrétọ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Ihò kan wà nínú rẹ̀ tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ ti wáyà bọ̀ ọ́, bàbá gbá mi lọ́wọ́. Pọ́ńpù táyà ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, nítorí bí wáyà bá mú ihò náà fẹ̀ díẹ̀ báyìí, epo yóò máa wọlé jù ni.

Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ti ń fá orí písítìnì, nọ́ńbà kan yọ lábẹ́ èédú: 020.

Bàbá mẹkáníìkì gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Ó ní ìyẹn kì í ṣe písítìnì tí wọ́n bí ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Sílíńdà rẹ̀ ti jẹ rí, wọ́n wá lú u fẹ̀, wọ́n fi písítìnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Bí a bá pín íńṣì kan sí ẹgbẹ̀rún, ogún nínú rẹ̀ ni wọ́n fi kún un. Ó wọ̀n ọ́n: mìlímítà 62. Ìyẹn ni pé 61.5 ni sílíńdà náà tẹ́lẹ̀. Ó wá bi mí léèrè pé, “Ta ló ní ọdún 1955 ni wọ́n rà á?”

Mo wá ọ̀rọ̀ náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Ilé-iṣẹ́ BSA ti ìlú Birmingham, ìbọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1861. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gba àwòrán alùpùpù DKW RT 125 ti àwọn ará Jámánì gẹ́gẹ́ bí ìkógun. Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà náà gbà á. Ní Japan pàápàá, alùpùpù àkọ́kọ́ tí Yamaha ṣe, ní 1955, ẹ̀dà rẹ̀ ni. Bantam ni BSA pe tirẹ̀, orúkọ irú adìẹ kékeré kan. (Àwọn adìẹ wa kò ṣàṣìṣe, ara ilé wọn ni wọ́n ń yé ẹyin sí.) Bantam àkọ́kọ́ jáde ní 1948, mìlímítà 52 ni fífẹ̀ sílíńdà rẹ̀. Kò sí oní-61.5 kankan ṣáájú 1958.

Nígbà tí bàbá mi wá mú mi, mo sọ fún un. Kò fọhùn títí a fi kọjá odò Ọbà. Ó wá ní, “Mo gun alùpùpù yẹn lẹ́yìn bàbá mi. Ojú mi ló ṣe.”

Màmá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí a délé. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n léèrè. Wọn kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá yín rà ní 1955. Ó ní òun ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di alùpùpù. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín.”

Bàbá mi ní, “Màmá, ẹ ò sọ fún wa rí.”

“Ta ló bi mí?”

Ẹ̀gbọ́n wọn yìí ni àwọn ará ilé ń pè ní Bàbá Tàmálè, tí kò sì sí ọmọ kan tó béèrè ìdí rẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní àríwá ilẹ̀ Gánà. Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n wọn ń tà ní ọjà Tàmálè, alùpùpù yìí ló sì fi ń ná ọjà oko. Ìyẹn ló jẹ sílíńdà rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo wa ló mọ àpò “Ghana Must Go”, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn wá láti 1983, nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà. Ti 1969, tí wọ́n lé àwa, kò fún àpò kankan lórúkọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n wọn ta aṣọ ní ọ̀pọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀, ó kó ìyàwó, ọmọ, ẹ̀rọ ìránṣọ àti alùpùpù sínú lọ́rì, wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì wálé. Ìlú tó bá kò rọgbọ: ogun abẹ́lé kò tíì parí, ọdún yẹn gan-an sì ni wọ́n pa Ṣọ̀ún nínú rògbòdìyàn owó orí. Màmá Àgbà ní ó sùn fún oṣù kan gbáko ní yàrá àwọn láìjáde. Nígbà tó jáde, ó fi alùpùpù dógò lọ́dọ̀ ọkọ wọn, ó gba ogójì pọ́n-ùn kó lè tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó kú ní 1971, kò tíì rí owó náà san.

“Bàbá yín kò pè é ní tirẹ̀ rí,” ni Màmá Àgbà wí. “Ṣùgbọ́n kò pè é ní ti ẹlòmíràn náà.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn ní Òwòdé. Písítìnì kan náà la dá padà, ríìngì nìkan la pààrọ̀. Èéfín bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù, a sì gbọ́ pù-pù-pù tó fún alùpùpù lórúkọ. Bàbá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò gùn ún.

Ọjọ́ kejì ló mú mi lọ sí Ìjẹrù, lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ Bàbá Tàmálè, tó jẹ́ télọ̀. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ tó bá lọ́rì Gánà wá ló ṣì ń lò. Kò mọ̀ pé bàbá wọn ní alùpùpù rí. Bàbá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ti ṣẹlẹ̀. Télọ̀ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè iye tí ogójì pọ́n-ùn jẹ́ báyìí, nítorí ó fẹ́ ra ohun ìdógò bàbá wọn padà. Èmi ni mo ṣírò rẹ̀: nígbà tí a yí owó padà ní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ó jẹ́ ọgọ́rin náírà. Kò tó owó ọ̀kadà láti Tákíè dé Ìjẹrù. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò sọ tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ilé méjèèjì yóò jókòó lé e ní oṣù kejìlá. Ní báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni alùpùpù náà wà. Mo fi aṣọ bò ó, nítorí àwọn adìẹ.