Òfin Ogun: Ààbò fún Aráàlú àti Ọmọ Ogun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ojú ogun, pé ẹni tó bá lágbára ló ń ṣe bó ti wù ú níbẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ogun ní òfin, òfin náà wà ní àkọsílẹ̀, gbogbo ìjọba ayé ló sì ti gba ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Nínú àròkọ yìí, a ó wo ohun tí òfin náà sọ, a ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òwe àti ìtàn wa.

Ohun tí òfin ogun jẹ́

Òfin ogun ni àkójọ òfin àgbáyé tó sọ ohun tí àwọn tó ń jagun lè ṣe àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe. Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi tàbí ẹni tó jàre nínú ìjà náà. Òfin mìíràn ló ń bójú tó ìyẹn. Ohun tó ń béèrè ni pé: ta ni ẹni tó wà níwájú ìbọn yìí? Bó bá jẹ́ aráàlú tí kò bá wọn jà, a kò gbọdọ̀ dojú ìjà kọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ogun tó ti gbọgbẹ́ débi pé kò lè jà mọ́, tó ti juwọ́ sílẹ̀, tàbí tó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, a kò gbọdọ̀ pa á, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ dá a lóró.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1859, àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Sardinia bá àwọn ọmọ ogun Ọ́stríà jà ní Solferino, ní ilẹ̀ Ítálì. Henry Dunant, oníṣòwò ará ìlú Geneva ní Swítsàlandì, dé ìtòsí ibẹ̀, ó sì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó gbọgbẹ́ nílẹ̀ láìsí olùtọ́jú tó tó wọn. Òun àti àwọn ará ìlú Castiglione, pàápàá àwọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lómi, wọ́n ń di ọgbẹ́ wọn, wọn kò sì béèrè ìhà tí ẹnikẹ́ni ti wá. Dunant kọ ìwé nípa ohun tó rí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1862. Ní 1863, òun àti ẹni mẹ́rin mìíràn dá ìgbìmọ̀ tó di Red Cross sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 1864, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́.

Àdéhùn mẹ́rin ti 1949

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1949, ó sì di mẹ́rin:

1. Èkínní dáàbò bo ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ tàbí tó ń ṣàìsàn lórí ilẹ̀.
2. Èkejì dáàbò bo àwọn tó wà lójú òkun, títí kan àwọn tí ọkọ̀ wọn rì.
3. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti òǹdè ogun. Orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun nìkan ni ó di dandan fún un láti sọ.
4. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti aráàlú.

Abala kẹta bára mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ló mú òfin yìí wọ inú ogun abẹ́lé. Orílẹ̀-èdè 196 ló ti gba àwọn àdéhùn yìí. Nàìjíríà gbà á ní 1961. Ní 1977, wọ́n fi àfikún méjì sí i.

Òwe wa àti òfin yìí

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." A máa ń pa òwe yìí láti gba ènìyàn níyànjú pé kó tètè múra sílẹ̀. Òfin ogun gbé ẹrù náà lé ẹni tó fẹ́ jagun lórí: àfi bí ipò ìjà kò bá gbà á, ó gbọdọ̀ kìlọ̀ fún aráàlú kó tó ṣe ìkọlù tó lè kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin tún kọjá ibi tí òwe dúró. Arọ tí kò rí ọ̀nà sá, ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, aráàlú ni gbogbo wọn ṣì jẹ́. Ìkìlọ̀ kò sọ ẹni tó kù sílé di ọmọ ogun.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Òfin kò sọ pé aráàlú kankan kò ní kú lójú ogun. Ohun tó sọ ni pé bí jàǹbá tí a rí tẹ́lẹ̀ pé yóò bá aráàlú bá pọ̀ rékọjá àǹfààní ogun tí a ń wá, a kò gbọdọ̀ ṣe ìkọlù náà. A kì í torí ọ̀tá kan tó ń yìnbọn láti orí òrùlé wó gbogbo ọjà mọ́ àwọn tó ń ná an lórí.

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun máa ń wí nílé ẹjọ́ kò jìnnà sí èyí: ọ̀gá mi ló rán mi. Ilé ẹjọ́ Nuremberg tó jókòó ní 1945 sí 1946 kò gbà pé àṣẹ ọ̀gá mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà. Òwe mìíràn ni òfin bá lọ: "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá

Nínú ogun Kírìjì láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ikọ̀ ń gba àárín àwọn àgọ́ ọ̀tá kọjá. Ní 1886, Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips gbé iṣẹ́ lọ bọ̀ títí àwọn ìhà méjèèjì fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án. Òfin Hague ti 1907 náà dáàbò bo ẹni tó gbé àsíá funfun wá sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ìtàn tan ara wa. Ààbò ikọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ìyá àti ọmọ. Nígbà tí ogun kó Òṣogùn ní 1821, Àjàyí jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n pín wọn níyà, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822. Kò tún fojú kan ìyá rẹ̀ títí di 1846, ní Abẹ́òkúta. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́. Irú nǹkan tó ṣe ọmọ yìí ni òfin ogun òde òní kọ̀ pátápátá: kíkó aráàlú lẹ́rú jẹ́ ọ̀ràn ńlá.

Nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà

Ní oṣù keje 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon fún àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní ìwé òfin ìwà lójú ogun. Ó ní kí wọ́n má fìyà jẹ aboyún, kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọdé, kí wọ́n má pa ẹni tó bá juwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má ba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí jẹ́, kí wọ́n má sì kó ẹrù ẹlẹ́rù. Ìwé náà dára. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò gbé ohun ìjà ní Àsàbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1969, ọkọ̀ òfuurufú ogun ìjọba já ọkọ̀ òfuurufú Red Cross tó ń kó oúnjẹ lọ sí Biafra lulẹ̀.

Ebi pa ọmọdé púpọ̀ nínú ogun náà. Nígbà yẹn, kò tíì sí àdéhùn àgbáyé tó sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ fi ebi bá aráàlú jagun. Àwọn àfikún ti 1977 ló sọ ọ́.

Ìkádìí

Òfin nìkan kò dá ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè kọ àṣẹ tó tàpá sí i, òun náà ló sì lè jẹ́rìí sí ẹni tó rú u. Ìdí nìyí tí àwọn àdéhùn Geneva fi pàṣẹ pé kí ìjọba kọ́ àwọn ọmọ ogun ní òfin yìí, kí wọ́n sì sapá láti kọ́ aráàlú náà. Láti 2002 ni ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ti wà ní The Hague fún ẹni tó bá ṣe ọ̀ràn ogun, tí ìjọba tirẹ̀ kò sì bá a ṣẹjọ́. Nàìjíríà ti gba òfin tó dá a sílẹ̀ wọlé láti 2001. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun gbọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ̀ kó tó gbé ìbọn: ọ̀tá tó ti ju ìbọn sílẹ̀ kì í ṣe ẹni pípa mọ́.