Láti Ijó dé Owó: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Àyálò 'Jígólò' àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ìfáàrà
Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi olùkọ́ Yorùbá léèrè ohun tí gigolo jẹ́, 'àlè' ni ó rọrùn jù láti fi dá a lóhùn. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé ìdáhùn náà kò péye.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà
Inú èdè Faransé ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè so ó mọ́ gigue, tí ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tàbí itan. Ẹsẹ̀ ni a fi ń jó. Gigolette wá di orúkọ obìnrin ilé ijó tí a kò ka ìwà rẹ̀ sí rere. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gigolo ni olólùfẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), iṣẹ́ wọ́n ní Yúróòpù. Àwọn ilé ìtura ń gba ọkùnrin sí iṣẹ́ láti bá àwọn obìnrin tí ó dá wá jó. Billy Wilder, tí ó di olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ṣe iṣẹ́ yìí ní Berlin ní 1926. Díẹ̀díẹ̀, ìtumọ̀ kúrò lórí ijó, ó bọ́ sórí ọkùnrin tí obìnrin ń fi owó bọ́. Fíìmù American Gigolo (1980) tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ sí i.

Jígólò àti àlè
Ní ti ìró, ọ̀rọ̀ náà kò ni wá lára: kò nílò àfikún fáwẹ̀lì bí ti 'búrẹ́dì', /j/ nìkan ni ó rọ́pò ìró ìbẹ̀rẹ̀ ti Faransé. Ìtumọ̀ ni ìṣòro wà. Ìgbéyàwó ni 'àlè' ń tọ́ka sí, kì í ṣe owó ọ̀yà. Ní kóòtù ìbílẹ̀ ayé ìjọba amúnisìn, ọkọ lè pe àlè ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ kí ó san owó ìtanràn. Àlè a máa náwó. Jígólò a máa gbowó. 'Aṣẹ́wó' ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí owó hàn gbangba nínú ìhun rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ni a máa ń rò bí a bá gbọ́ ọ, àfi bí a bá fi 'ọkùnrin' kún un.

Ìgúnlẹ̀
Nítorí náà, kí olùkọ́, ì báà jẹ́ ní Móníyà tàbí ní ibòmíràn, ṣàlàyé rẹ̀ pé 'ọkùnrin tí obìnrin ń sanwó fún kí ó lè máa bá a kẹ́gbẹ́', kí ó tó lo àyálò náà. Bí a bá fi orúkọ àjèjì dídùn bo ọkùnrin tí ń gbowó, tí a sì ń pe obìnrin tí ń ṣe ohun kan náà ní aṣẹ́wó, èdè wa ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan.