Láti Ẹnu Abẹ Dé Ọgbọ́n Àtọwọ́dá: Ìtàn Àtúnṣe Fọ́tò àti Fídíò

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni ọmọ aráyé ti ń tún fọ́tò ṣe. Ní ọdún 1857, Oscar Rejlander, ọmọ Sweden tó fi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé, to nẹ́gétífù tó lé ní 30 pọ̀, ó sì fọ gbogbo wọn di fọ́tò ńlá kan ṣoṣo. Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, wá ṣèwádìí iṣẹ́ wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún láàárín àwọn ọdún 1970, ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ṣaláìsí, onífọ́tò a ya èyí tó kù, a sì tẹ nẹ́gétífù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan. Táyé àti Kẹ́hìndé á tún wà pa pọ̀. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á. Wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún un yà.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kì í sábà fiyè sí: nẹ́gétífù kò kúrò nínú àpótí onífọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ rídìí òdodo lè ní kó mú un wá. Láti ìgbà náà títí dòní, nǹkan méjì ni gbogbo ìtàn àtúnṣe àwòrán rọ̀ mọ́: bóyá òṣìṣẹ́ lè yí èrò padà láìba iṣẹ́ jẹ́, àti bóyá ojúlówó ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn onífídíò ló kọ́kọ́ rí ìyà àìlè yí èrò padà. Ní 1956, Ampex gbé ẹ̀rọ téèpù fídíò jáde, téèpù rẹ̀ sì fẹ̀ tó íǹṣì méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gé e kò lè fojú rí àwòrán kankan lára rẹ̀. Yóò da omi tí wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin sí i lára kí àwọn ìlà inú rẹ̀ lè hàn, yóò wá ibi tó yẹ, yóò fi abẹ gé e, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bó bá gé e sódì, ó ti bọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń dà á kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ìyẹn náà ní àléébù: bí o bá fẹ́ ki ẹyọ àwòrán kan bọ àárín, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ni wàá tún dà kọ. Àwọn tó wo fíìmù àgbéléwò wa nígbà kásẹ́ẹ̀tì VHS mọ bí àdàkọ inú àdàkọ ṣe ń rí: àwọ̀ á ti ṣí, ojú òṣèré á sì ti ṣú.

Kọ̀ǹpútà ló tú ìdè náà. Ẹ̀rọ CMX 600, tí CBS àti Memorex pawọ́ pọ̀ ṣe ní 1971, ń kó àwòrán sórí díìsìkì, olóòtú sì ń fi kálàmù oníná tọ́ka sí èyí tó bá fẹ́. Àwòrán ibẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n èèyàn lè tò ó, kó tú u, kó tún un tò, kí téèpù má sì fara gbọgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ Avid mú ọgbọ́n yìí wọjà ní 1989, Premiere ti Adobe dé ní 1991. Olóòtú Walter Murch to fíìmù The English Patient lórí Avid, iṣẹ́ náà sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n tò lórí kọ̀ǹpútà tó gba Oscar àwọn olóòtú fíìmù.

Ní ti fọ́tò, Thomas Knoll, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò kan ní 1987 kí kọ̀ǹpútà Macintosh rẹ̀, tí kò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, lè gbé àwọ̀ eérú jáde. Àbúrò rẹ̀, John, tó ń ṣiṣẹ́ ní Industrial Light & Magic, rọ̀ ọ́ kó fẹ̀ ẹ́ lójú. Adobe gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 1990: Photoshop nìyẹn. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí, ohun tí o bá lẹ̀ mọ́ fọ́tò ti di ara rẹ̀, ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni o sì lè dá padà. Ní 1994 ni lẹ́yà dé. Fọ́tò oníbàárà wà lórí lẹ́yà kan, fìlà lórí èkejì, lẹ́tà lórí ẹ̀kẹta. Bó bá ní òun kò fẹ́ fìlà pupa mọ́, fìlà nìkan ni wàá fọwọ́ kàn. Ní 1998, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ìgbésẹ̀ ẹni lọ́kọ̀ọ̀kan. Lightroom, tó jáde ní 2007, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan fáìlì inú kámẹ́rà rárá. Àṣẹ nìkan ló ń kọ sílẹ̀, pé kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó báyìí, kí pupa dín kù tó báyìí. Nẹ́gétífù ti padà sínú àpótí.

Àpótí náà sì wá gba owó. Láti 2013, Adobe kò ta ẹ̀dà tuntun Photoshop ní àtàpa mọ́. Ẹni tí kò bá san owó àsanlò kò lè fi í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀dọ́ gba orí fóònù lọ, pàápàá sórí CapCut ti ilé-iṣẹ́ ByteDance.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo. Ní 2010, bí o bá yọ ènìyàn kan kúrò nínú fọ́tò, Photoshop a ṣa koríko àti ògiri inú fọ́tò náà gan-an láti fi dí ojú ibẹ̀. Láti 2023, ọgbọ́n àtọwọ́dá ń fi ohun tí kámẹ́rà kò rí rí dí i, láti inú ohun tó kọ́ lára àìmọye àwòrán mìíràn. Lọ́dún yẹn kan náà, Premiere bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí èèyàn fi àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ inú fídíò tún fídíò náà tò: pa gbólóhùn kan rẹ́, fídíò rẹ̀ á gé fúnra rẹ̀. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, Premiere ti lè fi ọgbọ́n àtọwọ́dá fa fídíò gùn sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Ìṣẹ́jú-àáyá méjì yìí kò ní nẹ́gétífù níbì kankan. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2021, ni Adobe, BBC, Microsoft àti àwọn mìíràn ti dá ẹgbẹ́ C2PA sílẹ̀, láti máa so àkọsílẹ̀ ibi tí àwòrán ti wá àti ohun tí wọ́n ṣe sí i mọ́ fáìlì. Leica M11-P, kámẹ́rà tó jáde ní 2023, ń ṣe é láti ìgbà tí o bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣèrú lè bọ́ àkọsílẹ̀ náà kúrò. Nítorí náà, kí onífọ́tò ìnáwó àti oníròyìn máa tọ́jú fáìlì kámẹ́rà wọn bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, òun ni wọn yóò ní kí wọ́n mú wá.