Lílo Oògùn Apakòkòrò Nínú Ilé Láìséwu: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹni tó bá dé ọjà Ọ̀yìngbò láti ra oògùn apakòkòrò yóò rí oríṣiríṣi: Dettol, Izal, bílíìṣì, sípírítì, àti àwọn tí a rọ sínú ike àlòkù láìsí àkọlé kankan lára wọn. Iye owó ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ béèrè, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi oògùn náà ṣe ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò. Oògùn tí a lò bó ti yẹ a máa dáàbò bo ẹ̀mí. Èyí tí a ṣì lò a máa di májèlé nínú ilé.

Oríṣi méjì ni wọ́n

Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà fún awọ ara, irú bíi Dettol, Savlon àti sípírítì. Èkejì ni èyí tó wà fún ilẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ohun èlò, irú bíi Izal àti bílíìṣì. Oríṣi kejì yìí kò gbọdọ̀ kan ara, kò sì gbọdọ̀ wọ omi ìwẹ̀. Kódà èyí tó wà fún ara, a gbọdọ̀ po Dettol àti irú rẹ̀ mọ́ omi ní ìwọ̀n tí a kọ sára ike, nítorí pé ó lè bó awọ ara bí ó bá le jù.

Bí ẹ bá ń rà á

• Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.
• Ẹ rí i dájú pé wọn kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀.
• Ẹ má ṣe ra èyí tí a rọ sínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó rà á kò mọ agbára rẹ̀. Ọmọdé tó bá sì rí i yóò rò pé ohun mímu ni.
• Nílé, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ike tó bá wá, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ gbé sípírítì jìnnà sí iná àti àbẹ́là.

Bí a ṣe ń po bílíìṣì

Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún rántí pé ìmọ́tótó ló lè borí àrùn gbogbo. Ṣùgbọ́n bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdọ̀tí. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀.

Bí àkọlé bá fi hàn pé agbára bílíìṣì jẹ́ 5%, ẹ bu ife 1 sínú ife omi 49 fún ilẹ̀, tábìlì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Fún ibi tí èébì, ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí, ẹ bu ife 1 sínú ife omi 9. Bí agbára rẹ̀ bá yàtọ̀, ìwọ̀n tí a kọ sára ike ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún. Omi tútù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì po tuntun lójoojúmọ́, nítorí pé agbára rẹ̀ kì í pẹ́ dínkù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ pò pọ̀

Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ ásíìdì ìfọlé-ìgbọ̀nsẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́, sípírítì, tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn. Èéfín olóró lè jáde láti inú rẹ̀, tí yóò sé ènìyàn ní èémí. Ìtọ̀ pàápàá lè fa irú èéfín bẹ́ẹ̀. Ní ilé tí ayálégbé púpọ̀ ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹnì kan lè da ásíìdì sí i láàárọ̀, kí ẹlòmíràn da bílíìṣì lé e lọ́sàn-án. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ẹyọ kan tí gbogbo ilé yóò máa lò.

Ọgbẹ́ àti ìwọ́ ọmọ

Ọṣẹ àti omi mímọ́ tó ń ṣàn ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ọgbẹ́. Bí ajá bá géni jẹ, ẹ fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an. Fún ìwọ́ ọmọ tuntun, ẹ lo jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti ṣàlàyé rẹ̀. Ìwọ́ nìkan ni ó wà fún. Bí ó bá kan ẹyin ojú ọmọ, ó lè fọ́ ọ lójú.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Oògùn tó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń padà bọ̀. Epo sì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí ó fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú ike oògùn náà lọ́wọ́. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó lọ rí dókítà. Ẹ lè pe 112 tàbí 767 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì nígbàkígbà.

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ọjà ni kò mọ̀. Ilé tí ọmọ ti di àwátì kò ní ṣàì mọ̀. Ẹ ka àkọlé ara ike kí ẹ tó ṣí i.